Irin, Epo àti Ilẹ̀: Ojúṣe Ẹni Tó Ń Pààrọ̀ Ọ́ìlì Ọkọ̀ Ara Rẹ̀

Pípààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ jẹ́ iṣẹ́ kékeré tó gbé ìbéèrè ńlá dání: ta ló ni ìdọ̀tí tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni dá sílẹ̀? Ẹni tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mékáníìkì yóò san owó, yóò sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ọ́ìlì dúdú tó jáde nínú ẹ̀ńjìnnì ti di ọ̀ràn ẹlòmíràn. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ̀ńjìnnì kò rí ẹni tì í sí. Irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ́ìlì àlòkù wà nínú abọ́ níwájú rẹ̀, ilẹ̀ ló sì dùbúlẹ̀ lé. Ojúṣe tó ní sí irin, sí epo àti sí ilẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹ̀sìn ìbílẹ̀, ẹ̀sìn Islam àti ẹ̀sìn Kristi ti ní ọ̀rọ̀ sọ lé lórí tipẹ́, kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kankan tó dé ilẹ̀ Yorùbá.

Ní Pobè àti Sakété, ní ẹkùn Plateau tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé pọ̀ ní agbo ilé kan náà nígbà mìíràn. Ìlú Yorùbá ni méjèèjì. Àwọn ọmọ Sakété ṣì ń pe ìlú wọn ní Ìtakété, àwọn Ọ̀họ̀rí, ẹ̀yà Yorùbá kan, sì pọ̀ ní agbègbè Pobè. Ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wá gba Sakété kọjá, ó gba Pobè, ó forí lé Kétu, ààlà Nàìjíríà kò sì jìnnà sí i. Níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni àwọn Faransé la ojú irin láti Àjàṣẹ́ títí dé Pobè, nítorí epo pupa àti èkùrọ́ tó pọ̀ níbẹ̀. Láti 1922 sì ni ibùdó ìwádìí igi ọ̀pẹ ti wà ní Pobè. Ọkọ̀ ojú irin ti dákẹ́. Ohun tó gba ipò rẹ̀ ni ọkọ̀ àlòkù tó ti Yúróòpù gba èbúté Kútọnu wọlé, pẹ̀lú alùpùpù àwọn zémíjàn tó ń gbé èrò, àti kpayo, bẹntiróòlù tó ń gba ààlà wọlé, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Níbi tí ẹ̀ńjìnnì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí owó kò sì pọ̀ tó o, kò yani lẹ́nu pé onílé ń ṣe vidange, ìyẹn pípààrọ̀ ọ́ìlì, fúnra rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Irinṣẹ́ tí iṣẹ́ náà ń béèrè kò pọ̀. Sípánà tó bá nọ́ọ̀tì mu ni àkọ́kọ́: mílímítà 14 ló bá ọ̀pọ̀ Toyota mu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Renault àti Peugeot àtijọ́ ní nọ́ọ̀tì tí ihò onígun mẹ́rin wà láàárín rẹ̀, tó ń fẹ́ irin onígun mẹ́rin mílímítà 8. Ẹni tó fi sípánà tí kò bá a mu tú u yóò bó o lórí, yóò sì fi owó mékáníìkì kún owó ọ́ìlì. Lẹ́yìn sípánà ni ohun tí a fi ń mú fílítà, àrọ, àkísà, àti abọ́ fífẹ̀ tó lè gba lítà 5 tàbí 6, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ń gba nǹkan bíi lítà 4. Alùpùpù kò ju bíi lítà kan lọ. Jáàkì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n jáàkì kì í ṣe òpó: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé ró. Ẹsẹ̀ irin méjì ni wọ́n ń fi gbé e, wọn a sì fi igi tàbí òkúta dí táyà tó kù. A ó jẹ́ kí ẹ̀ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ọ́ìlì lè ṣàn, a ó fi ọ́ìlì tuntun díẹ̀ pa rọ́bà ẹnu fílítà, ọwọ́ ni a ó fi dè é. Ohun tó kẹ́yìn nínú àwọn irinṣẹ́ náà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà mọ́ irinṣẹ́ rárá, ni kẹ́ẹ̀gì olómorí tí ọ́ìlì àlòkù yóò wọ̀.

Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀, irin kì í ṣe ohun èlò lásán. Irin ni Ògún, Ògún ni irin. Ojúbọ rẹ̀ kò nílò ère tó rẹwà: ọkọ́ tó ti jẹ, àdá tó ti kán, ẹ̀wọ̀n, àti láyé òde òní gíà ọkọ̀ àti irin inú ẹ̀ńjìnnì, ni wọ́n kó jọ sídìí pèrègún, tí màrìwò sì bò wọ́n. Alágbẹ̀dẹ, ọdẹ, àgbẹ̀, olóòlà, awakọ̀ àti mékáníìkì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Nílé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ti máa ń fi irin búra níbi tí Mùsùlùmí ti ń fi Kùránì búra. Ìtumọ̀ èyí ni pé irin ń gbọ́, irin sì ń rántí. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ kò lè ju sípánà sínú yanrìn kó sì rò pé kò sí ẹni tó rí òun.

Ohun méjì ló ti ibẹ̀ jáde. Ọ̀kan ni pé irin tó ti gbó kì í di pàǹtí. Ibùgbé rẹ̀ ló ń yí padà, láti ibi iṣẹ́ lọ sí ojúbọ. Àwọn Fọ̀n, tí wọ́n ń pe Ògún ní Gu, mọ èyí dáadáa: ère Gu olókìkí tí Akati Ekplékendo rọ ní Àgbómẹ̀ ní ọ̀rúndún 19, tó wà ní Paris nísinsìnyí, irin àlòkù láti Yúróòpù ló fi rọ ọ́. Ìkejì ni pé Ògún kì í ṣe òrìṣà tó ń fìyà jẹ ọ̀dájú nìkan. Aláìbìkítà náà wà nínú ewu rẹ̀. Ọ̀bẹ tí a fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà kò bi ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bóyá ó jẹ́ èèyàn rere.

Epo wà nínú ọ̀rọ̀ Ògún bákan náà. Ajá, ẹmu, èsun iṣu àti epo pupa wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ ọ́. Òrìṣà gbígbóná ni, ẹ̀rọ̀ sì ni epo; ohun tó bá le, epo níí tù ú. Awakọ̀ tó mọ̀ pé ẹ̀ńjìnnì tí ọ́ìlì rẹ̀ gbẹ yóò gbóná títí irin yóò fi máa jẹ irin kò ní pẹ́ lóye ọgbọ́n yìí. Síbẹ̀, kò yẹ kí a fa ọ̀rọ̀ náà gùn jù. Èèyàn lè jẹ epo pupa tí wọ́n ta sílẹ̀ fún Ògún, èèrà lè jẹ ẹ́, ilẹ̀ lè jẹ ẹ́. Ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì kò ní olùjẹ. Ẹni tó bá dà á sídìí ojúbọ kò rúbọ.

Ẹni tí kò gba Ògún gbọ́ lè sọ pé ìtọ́jú irinṣẹ́ kò nílò òrìṣà: irin tó bá wà létòlétò kò ní gé ọmọdé lẹ́sẹ̀, kò ní dípẹtà, kò ní sọnù, ó parí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ torí àǹfààní nìkan ni, ẹni tó ń dá gbé, tí kò lọ́mọ tí kò sì kánjú, lè fi sípánà rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀; irin rẹ̀ ni, owó rẹ̀ ni, kí ló kan ẹlòmíràn? Ohun tí ẹ̀sìn Ògún fi kún un ni pé irin kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó rà á. Ẹni kan wa irin nínú ilẹ̀, ẹni kan yọ́ ọ, ẹni kan rọ ọ́. Sípánà tó dára sì lè pẹ́ ju ẹni tó ni ín lọ, kí ọmọ rẹ̀ fi ṣiṣẹ́, kí ọmọ ọmọ rẹ̀ náà fi ṣiṣẹ́. Alágbàtọ́ ni olówó irin. Èyí ni èrò tó lágbára jù nínú gbogbo ohun tí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ní láti sọ nípa àpótí irinṣẹ́, ẹni tí kò sì rú èso obì kan fún Ògún rí lè gbà á.

Bíbélì bẹ̀rẹ̀ láti òdì kejì. Nínú Ẹ́kísódù orí 20 àti Deutarónómì orí 27, Ọlọ́run kọ̀ kí wọ́n fi irinṣẹ́ kan òkúta pẹpẹ òun; nígbà tí Sólómọ́nì sì ń kọ́ tẹ́ḿpìlì, ìwé Àwọn Ọba kìn-ín-ní sọ pé a kò gbọ́ ìró òòlù tàbí àáké níbẹ̀. Níbi tí Yorùbá ti fi irin ṣe pẹpẹ, àwọn Hébérù lé irin jìnnà sí pẹpẹ. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò rò pé ìwé náà kò ka irinṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n Deutarónómì orí 23 ní òfin kan fún àwọn ọmọ ogun nínú ibùdó wọn: kí olúkúlùkù ní ohun èlò ìgbẹ́lẹ̀ kan mọ́ ohun ìjà rẹ̀, kí ó fi gbẹ́ ihò, kí ó sì fi bo ìgbẹ́ ara rẹ̀, nítorí Ọlọ́run ń rìn láàárín ibùdó. Òfin yìí sún mọ́ ọ̀rọ̀ ọ́ìlì àlòkù gan-an. Ó sọ pé ohun èlò ìmọ́tótó jẹ́ apá kan ìhámọ́ra, pé olúkúlùkù ló ni ìdọ̀tí tirẹ̀, pé ìwà mímọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìjọsìn nìkan. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í ṣe àwáwí láti gbẹ́ ihò fún ọ́ìlì. Ìgbẹ́ èèyàn yóò padà di erùpẹ̀. Ọ́ìlì tí a rì mọ́lẹ̀ yóò wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, yóò máa rìn lábẹ́lẹ̀.

Irin ní súrà tirẹ̀ nínú Kùránì, súrà 57, Al-Hadid. Ẹsẹ 25 rẹ̀ sọ pé Ọlọ́run sọ irin kalẹ̀, pé agbára líle wà nínú rẹ̀ àti àǹfààní fún èèyàn. Súrà 34 sọ bí Ọlọ́run ṣe rọ irin fún Ànábì Dáwúdà, tó sì pàṣẹ fún un pé kó wọn òrùka ẹ̀wù irin tó ń ṣe kó dọ́gba. Ìwọ̀n iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ di ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ dá sí. Ìmọ́tótó náà kò gbẹ́yìn: hádíìsì inú ìwé Muslim pè é ní ìdajì ìgbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ àlùwàlá gan-an fẹ́ àlàyé díẹ̀. Ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì kì í ṣe nàjísì, ẹ̀gbin tó ń ba ìrun jẹ́, nítorí náà aṣọ tó ta sí kò tíì bàjẹ́ fún ìrun. Ṣùgbọ́n gíríìsì tó nípọn lórí awọ ara, tí kò jẹ́ kí omi kan ibi tó yẹ kó kàn, gbọ́dọ̀ kúrò kí àlùwàlá tó pé. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ láàárín ìrun àìlá àti alásàrí ní láti fi ọṣẹ àti àkísà kún irinṣẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èékánná rẹ̀ ni yóò dá a dúró. Ìṣòro àwọn ará Celestial, ìjọ tí Samuel Biléou Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, tún yàtọ̀: sùtánà funfun ni wọ́n ń wọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń rìn nínú rẹ̀, ẹ̀kán ọ́ìlì kan ṣoṣo lójú àgbàlá sì tó láti ba ọjọ́ ìsinmi jẹ́.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni èèyàn ti ń bọlá fún irinṣẹ́. Ní gúúsù Íńdíà, lọ́jọ́ Ayudha Puja, wọn a fọ irinṣẹ́, wọn a fọ ọkọ̀, wọn a fi òdòdó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọn kò sì ní fi ṣiṣẹ́ títí ìsìn yóò fi parí. Ní Japan, àwọn aránṣọ máa ń kó abẹ́rẹ́ tó ti ṣẹ́ lọ sí tẹ́ḿpìlì ní oṣù Èrèlé lọ́dọọdún, wọn a gún un sínú oúnjẹ rírọ̀ kó lè sinmi. Awakọ̀ Yorùbá tó ń bọ Ògún ní gáréèjì kò ní rí ohun àjèjì níbẹ̀.

Ìtòjọ irinṣẹ́ ló wá kàn, ibẹ̀ sì ni èrò ti ń di ìṣe. Onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, Martin Heidegger, ṣàlàyé ní 1927 pé irinṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kì í gba àfiyèsí. Ìgbà tó bá kán tàbí tó bá sọnù ni ẹni tó ń lò ó tó rí i. Èrò alágbẹ̀dẹ Yorùbá yàtọ̀ sí èyí, nítorí irin wà lójú rẹ̀ nígbà gbogbo, bó kán bí kò kán. Pátákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, tí wọ́n fi ẹfun ya àwòrán sípánà kọ̀ọ̀kan sí, ń ṣe ti àwọn méjèèjì: irinṣẹ́ tó wà níbẹ̀ hàn, èyí tí kò sí níbẹ̀ hàn jù ú lọ. Kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn lálẹ́, ìwò kan ti tó láti mọ̀ bóyá nǹkan ṣẹ́ kù lábẹ́ ọkọ̀ tàbí lórí ẹ̀ńjìnnì.

Ojú ọjọ́ agbègbè náà kò fojúure wo irin. Òjò ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, láti oṣù kẹta tàbí ìkẹrin títí di oṣù keje, àti láti oṣù kẹsàn-án títí di ìkọkànlá, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kì í sì í lọ tán láàárín wọn. Nítorí náà irinṣẹ́ kì í sùn lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọn a nù ún, wọn a fi àkísà tí ọ́ìlì díẹ̀ wà lára rẹ̀ pa á, wọn a gbé e kọ́ tàbí kí wọ́n tò ó sínú àpótí irin, kékeré níwájú, ńlá lẹ́yìn. Àrọ yẹ kó wà nínú ọ̀rá, nítorí yanrìn tó bá tẹnu rẹ̀ wọ ẹ̀ńjìnnì yóò ṣe ju ohun tí ọ́ìlì tuntun lè tún ṣe lọ. Abọ́ tó bá ti gba ọ́ìlì kò gbọ́dọ̀ padà sí ilé ìdáná mọ́, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Kí jáàkì jìnnà sí ọwọ́ ọmọdé. Kí ọ́ìlì jìnnà sí iná àti sí kpayo. Ìwé kékeré tí wọ́n so mọ́ àpótí, tí wọ́n kọ ọjọ́ àti kìlómítà sí, sàn ju ìrántí ẹnikẹ́ni lọ. Ìkìlọ̀ kan ṣẹ́ kù tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré: ọ́ìlì, tuntun tàbí àlòkù, kò gbọ́dọ̀ wọ ìgò omi tàbí ìgò ọtí sódábì. Àlejò tí òùngbẹ ń gbẹ kì í gbóòórùn kó tó mu.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wúwo jù. Nínú ìmọ̀ Yorùbá, Ilẹ̀ kì í ṣe erùpẹ̀ lásán. Òun ni àwọn Ògbóni ń bọ, òun ni wọ́n ń fi mulẹ̀, òun ló ń mú ọ̀dàlẹ̀. Inú rẹ̀ ni àwọn baba wà. Ẹni tó bá fẹ́ mu ọtí lójúbọ a kọ́kọ́ ta díẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó ṣáájú ló kọ́kọ́ mu ún. Ohun tí wọ́n bá dà sílẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ẹnìkan sọ. Ẹni tó ta omi tútù fún ilẹ̀ láàárọ̀, tó sì da lítà mẹ́rin ọ́ìlì dúdú sí i nírọ̀lẹ́, ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó sọ kẹ́yìn ló sì pọ̀ jù.

Ilẹ̀ méjì ló wà ní agbègbè náà, kò sì sí èyí tó lè gbé ọ́ìlì mì kó parí síbẹ̀. Ilẹ̀ pupa orí òkè, èyí tí Sakété tẹ̀dó sí, máa ń jẹ́ kí omi wọlé. Ohun tí wọ́n dà sí i yóò máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́nà omi kànga. Ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Issaba, amọ̀ líle ni. Nígbà òjò ó ń mú omi dúró sórí, ọ́ìlì yóò sì léfòó, yóò bá àgbàrá lọ sí oko aládùúgbò. Ọ́ìlì àlòkù kì í sì í ṣe ọ́ìlì tuntun tó kàn dúdú. Eruku irin tó ti ara ẹ̀ńjìnnì bọ́ wà nínú rẹ̀, èérí epo tó ti jóná wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka ọ́ìlì mínírà tí a kò tíì sẹ́ dáadáa mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn, àwọn àdánwò lára èkúté sì fi ewu ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì àlòkù hàn. Ìbọ̀wọ́ kì í ṣe afẹ́ níbi iṣẹ́ yìí.

Àwọn kan yóò sọ pé wọn kì í dà á nù, pé wọ́n ń lò ó. Òtítọ́ ni: wọ́n ń fi kun òpó ọgbà kí ikán má bàa jẹ ẹ́, bíríkìlà ń fi pa pátákó kó má bàa lẹ̀ mọ́ kọnkéré, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi pa ajá tí awọ rẹ̀ ń ṣí. Lílò sàn ju dídànù lọ, ṣùgbọ́n òjò yóò fọ ti orí òpó padà sílẹ̀, ajá yóò sì lá ti ara rẹ̀. Ó ṣòro láti lóye bí ẹni tó ń bọ Ògún ṣe lè fi májèlé pa ẹran Ògún lára.

Òfin orílẹ̀-èdè náà kò dákẹ́. Abala 27 nínú òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti 1990 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó mọ́, ó sì gbé e lé olúkúlùkù lọ́rùn láti dáàbò bò ó. Gbólóhùn kan náà ló kó ẹ̀tọ́ àti ojúṣe pọ̀. Òfin àyíká ti oṣù kejì 1999 tẹ̀ lé e, ó sì gbà pé ẹni tó bá ba àyíká jẹ́ ni yóò san owó àtúnṣe. Ní oṣù kẹjọ 2003, ìjọba ṣe àṣẹ kan fún ìtọ́jú ọ́ìlì àlòkù nìkan. Ohun tí Ògbóni gbé lé ìbúra lórí, ohun tí Deutarónómì gbé lé ìwà mímọ́ lórí, òun náà ni ìjọba gbé lé òfin lórí. Níbi tí kò ti sí ọlọ́pàá lẹ́yìnkùlé, ẹ̀rí ọkàn ẹni tó mú sípánà dání nìkan ni yóò ṣiṣẹ́.

Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan lè gba ọ́ìlì àlòkù ọkọ̀ kékeré ní ìgbà mẹ́fà, bí aládùúgbò méjì bá sì pa tiwọn pọ̀, kò ní pẹ́ kún. Kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀, kí wọ́n dé e pinpin, kí omi má wọ̀ ọ́, kí bẹntiróòlù má sì dàpọ̀ mọ́ ọn, nítorí ọ́ìlì tó ti dàpọ̀ ṣòroó tún sẹ́. Kí wọ́n sì bi ẹni tó ta ọ́ìlì tuntun fún wọn, tàbí gáréèjì ńlá ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, ibi tí wọ́n ti ń gbà á. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbèrò láti máa pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní Pobè tàbí Sakété, kẹ́ẹ̀gì ni kó kọ́kọ́ rà, kó tó ra sípánà.